Ibi Tí Ọmọ Ti Ń Ṣì Í Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Ohun Èlò Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì fún Olùkọ́ Èkó

Olùkọ́ tó bá jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó ń wá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìdá lórí Google, á rí ohun tó pọ̀ ju èyí tó lè kà tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwòrán aláràbarà ni, fídíò ni, lẹ́sìn nóòtì tí ẹlòmíì ti kọ ni. Dátà á lọ, oorun á máa kùn ún, ohun tó máa gbé wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò sì ní yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá. Ìdí ni pé ó ti ń wá ohun èlò kí ó tó mọ ohun tó ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ láàmú. Àṣìṣe ọmọ ló yẹ kó ṣáájú. Tí ẹ bá ti di àṣìṣe kan pàtó mú, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ọmọ fojú rí, ẹ̀ẹ́ sì tètè dá èyí tí kò wúlò mọ̀ láìjẹ́ pé ẹ wò ó dópin. Ọgbọ́n tuntun tí olùkọ́ ń wá kiri, inú ìdáhùn tí kò tọ̀nà ló sábà máa ń wà.

Ibi méjì lẹ ti lè rí àṣìṣe yìí. Èkíní kò ná yín ní kọ́bọ̀: ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ mú mẹ́wàá nínú rẹ̀, kì í ṣe ti àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, kì í sì í ṣe ti àwọn tó gbẹ̀yìn. Ti àwọn tó wà láàárín ni. Ẹ gbàgbé máàkì. Ẹ da ìdáhùn tí kò tọ́ kọ bí ọmọ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tí àṣìṣe kan náà bá jáde nínú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àìfetísílẹ̀. Nǹkan kan wà tí wọ́n gbà sódì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àlàyé àwa olùkọ́ ló gbé e kọ́ wọn lọ́rùn.

Ibì kejì ni ìròyìn àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò WAEC. Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé àwọn ọmọ, WAEC Nàìjíríà sì ń gbé e sórí ìkànnì e-learning rẹ̀, ọdún sí ọdún, ìbéèrè sí ìbéèrè. Ẹ̀ẹ́ rí ìbéèrè, ẹ̀ẹ́ rí bó ṣe yẹ kí wọ́n dáhùn rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ máa rí ìpínrọ̀ kan tí wọ́n pè ní Observation. Ìpínrọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sá fún ìbéèrè náà, tàbí pé wọ́n mọ fọ́múlà ṣùgbọ́n wọ́n gé nọ́ńbà kúrú kí iṣẹ́ tó parí, tí ìdáhùn fi yẹ̀. Apá kan tún wà fún ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kù díẹ̀ káàtó àti ohun tí wọ́n rò pé olùkọ́ lè ṣe sí i. Nínú ti ìṣirò, sísọ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè di ìdọ́gba àti jẹ́ọ́mẹ́tírì òbìrípo kì í pẹ́ tún yọjú. Ẹ mú orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú skímù sáà yìí, ẹ wo Observation rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan. Èyí tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ni kí ẹ dojú ẹ̀kọ́ kọ. Kí olùkọ́ JSS má sọ pé kò kan òun o. Ohun tí ọmọ ń ṣì ní SS 3, JSS 1 ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa

Ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè èwo ló tóbi jù nínú 1/3 àti 1/4. Ọmọ púpọ̀ á ní 1/4 ni, nítorí pé 4 ju 3 lọ. Ọmọ yìí kò tíì rí ìdá bíi nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn ló ń rí. Kò sí orin ìdá lórí YouTube tó lè tún ìyẹn ṣe. Ohun tó lè tún un ṣe ni ohun tí ọmọ á máa fọwọ́ ara rẹ̀ yí, tí á fi rí i pé bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe ń gòkè ni ègé á máa kéré sí i.

Iṣẹ́ tí "Fractions: Intro" ti PhET wà fún nìyẹn. PhET jẹ́ ìkànnì tó kó eré ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí ọmọ lè fọwọ́ yí jọ, Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún kíláàsì wa ní Èkó ni pé ẹ lè gba eré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bíi fáìlì kan ṣoṣo, kó sì ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹ lọ sí phet.colorado.edu, ẹ wá orúkọ eré náà, ẹ rí i pé HTML5 ni, kì í ṣe àwọn àtijọ́ tó ń lo Java, nítorí ti Java kò ní ṣí lórí fóònù. Ẹ tẹ àmì ìgbàsílẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .html ló máa wọlé. Ẹ lè fi Xender tàbí Bluetooth fi ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn. Tó bá jẹ́ WhatsApp, bíi document ni kí ẹ fi í ránṣẹ́.

Ibi tó ti máa ń fa wàhálà ni ṣíṣí rẹ̀. Fóònù Android mìíràn máa ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní HTML Viewer ṣí i, ojú á funfun báláú, olùkọ́ á rò pé fáìlì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ tẹ fáìlì náà mọ́lẹ̀, ẹ yan Open with, ẹ wá yan Chrome. Ẹ dán an wò nílé pẹ̀lú dátà ní pípa, kí ẹ tó gbé e dé iwájú ọmọ àádọ́ta.

Ní kíláàsì, ẹ má fi eré náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀: èwo ló tóbi jù, kí sì nìdí? Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 1/4 ni ohun tó máa rí á yà lẹ́nu. Èyí tí kò tíì kọ nǹkan kan, á kàn wò ó bí ẹni ń wo sinimá ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún wọn ní ọ̀já pépà. Tí ẹ bá gé A4 kan sí ọ̀já mẹ́fà ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó 3.5 sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ kan nílò mẹ́rin: ọ̀kan odindi, ọ̀kan fún ìdajì, ọ̀kan fún ìdá mẹ́ta, ọ̀kan fún ìdá mẹ́rin. Fún ọmọ 50, ọ̀já 200 nìyẹn, pépà 34 á tó o. Ohun tó máa ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ni kí ọ̀já máà gùn dọ́gba. Tí ọ̀já ìdá mẹ́rin bá gùn ju ti ìdá mẹ́ta lọ dáadáa, ègé méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu, ọmọ á sì rí ẹ̀rí fún àṣìṣe rẹ̀. Nítorí náà ẹ fi rúlà àti abẹ gé e, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e ní ìgékúgèé. Kíká ọ̀já sí méjì àti mẹ́rin rọrùn. Kíká a sí mẹ́ta ló le, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ká lẹ́tà kí ó tó wọ inú ẹ́ńfílóòpù.

Ìgbà tí ọ̀já bá wà lọ́wọ́ wọn ni eré ojú fóònù máa wá wúlò. Fóònù kan kò ṣeé wò fún ju ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, nítorí náà ẹ má gbé e sókè níwájú kíláàsì, ẹ má sì máa gbé e kọjá láàárín àga bí ẹni ń polówó. Ẹ pín ọmọ sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn yòókù lórí ọ̀já àti ìwé, kí wọ́n sì máa gbà á fún ara wọn jálẹ̀ ọ̀sẹ̀. Nínú eré náà, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lè gòkè dé 8. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà òkè sílẹ̀ ní 1, kí wọ́n máa gbé ti ìsàlẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa ya àwòrán ohun tí wọ́n rí. Nígbà tó bá yá, ẹ bi wọ́n ní ohun tí kò sí lójú fóònù: 1/20 ńkọ́, 1/100 ńkọ́? Ọmọ tó bá lè dáhùn ìyẹn láìwo nǹkan kan ti kúrò nínú àṣìṣe náà.

Bákan náà ni "Circuit Construction Kit: DC", eré PhET mìíràn, rí fún sáyẹ́ǹsì JSS. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ gbà pé gílóòbù ń jẹ nínú kọ́rẹ́ńtì, pé èyí tó jáde kéré sí èyí tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ammeter, ohun tó ń wọn kọ́rẹ́ńtì, sí iwájú àti ẹ̀yìn gílóòbù inú eré náà, wọ́n á rí nọ́ńbà kan náà. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n ti fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, wáyà àti gílóòbù kékeré tan iná gidi. Fóònù kò lè rọ́pò iná tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tàn.

Kolibri: láìsí dátà, láìdúró de NEPA

Tí ilé-ìwé bá ní lápútọ́ọ̀pù kan péré tó ṣì ń ṣiṣẹ́, Kolibri, ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀kọ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni màá kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé sórí rẹ̀. Learning Equality ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Android àti kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi. Ẹ máa kó fídíò Khan Academy, eré PhET, ìtàn African Storybook àti ìdánrawò sínú lápútọ́ọ̀pù náà lẹ́ẹ̀kan. Fóònù àwọn ọmọ tàbí ti olùkọ́ á máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀ nípasẹ̀ Wi-Fi, ẹyọ dátà kan kò sì ní jó.

Ibi tí Wi-Fi dára ni kí ẹ ti gba Kolibri sílẹ̀. Nígbà tó bá ń béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó, ẹ yan Group learning. Ẹni tó bá yan On my own á rí i lẹ́yìn náà pé òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń dá kíláàsì sílẹ̀. Ẹ lọ sí Device, ẹ yan Channels, ẹ yan Import, kí ẹ sì mú un láti Kolibri Studio. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń yan gbogbo Khan Academy níbí, á sì gba sílẹ̀ títí dáńfó ìkẹyìn fi máa lọ, nítorí ó tóbi gan-an. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ mú orí ọ̀rọ̀ tó bá skímù sáà yìí mu nìkan. Ti sáà kejì, ẹ padà wá gbà á nígbà ìsinmi.

Nípa Wi-Fi, ohun kan wà tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa Kolibri tì. Lápútọ́ọ̀pù Windows lè máà gbà láti tan hotspot tirẹ̀ tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan tó ń wọ inú rẹ̀, tó bá sì gbà, ẹ̀rọ mẹ́jọ péré ló lè gbé. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí ẹ tan hotspot láti orí fóònù Android kan, kí ẹ pa dátà fóònù náà, kí lápútọ́ọ̀pù àti àwọn fóònù yòókù sì jọ wọ inú hotspot yẹn. MiFi tí kò ní dátà nínú náà á ṣe é. Kolibri á fi àdírẹ́sì kan hàn yín lójú ewé Device, nọ́ńbà tó ní àmì ìdánudúró láàárín, tó sábà máa ń parí sí :8080. Àdírẹ́sì yẹn ni kí ọmọ tẹ sínú Chrome. Tí kò bá ṣí lórí fóònù ṣùgbọ́n tó ń ṣí lórí lápútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ẹ wo firewall Windows: ó ti dí Kolibri lọ́nà. Ẹ sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà di Private, kí ẹ sì fún Kolibri láyè. Àdírẹ́sì náà sì lè yí padà lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbé e lé ara ògiri pẹ̀lú gọ́ọ̀mù.

Ní ti fídíò Khan Academy, ohùn Amẹ́ríkà yára létí ọmọ kékeré. Ẹ dín eré rẹ̀ kù sí 0.75. Ẹ má jẹ́ kó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ kí ẹ tó dá a dúró, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣe tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ láti YouTube lẹ ti ń gba fídíò sílẹ̀, 360p tó fún ojú fóònù. 720p á jẹ dátà tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ọmọ kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ẹ ṣọ́ra fún pùrójẹ́kítọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú. Nọ́ńbà lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) ńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀ kò tọ́ka sí nǹkan kan tí kò bá sí ANSI níwájú rẹ̀. Nínú kíláàsì tí oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé méjèèjì, èyí tó bá kéré sí 2,500 sí 3,000 ANSI lumen kò ní ju òjìji lọ lára ògiri. Tí owó ìyẹn kò bá sí, ẹ jẹ́ ká lọ sórí pépà.

Bébà àti páálí

Ṣómólú wà nítòsí, kò sì sí ohun tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kí ẹ sanwó pósítà fún. Tí ẹ bá fi Adobe Reader ṣí PDF, tí ẹ tẹ Print, ẹ̀ẹ́ rí Poster níbẹ̀. Á gé àwòrán kan sí ojú A4 mẹ́rin, tí yóò di A2, tàbí mẹ́jọ, tí yóò di A1. Ẹ jẹ́ kí etí wọn gun ara wọn díẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Overlap sí, kí ẹ lè rí ibi fi gọ́ọ̀mù sí. Máàpù Áfíríkà, àwòrán ọkàn ènìyàn, àtẹ periodic: fọ́tókọ́pì dúdú àti funfun lásán ló ná yín, àwọn ọmọ á sì fi kíréyọ̀nù kùn ún fúnra wọn.

Fún mímọ ohun tí ọmọ 60 ń rò lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò tíì rí ohun tó dà bíi Plickers fún ibi tí fóònù kan ṣoṣo wà, tó jẹ́ ti olùkọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba káàdì pépà tó ní àmì dúdú kan lára. Etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní A, B, C àti D. Á gbé lẹ́tà ìdáhùn rẹ̀ sókè, olùkọ́ á sì fi kámẹ́rà fóònù wo gbogbo kíláàsì, orúkọ á máa jáde pẹ̀lú ìdáhùn. Káàdì tí wọ́n ń lò jù jẹ́ 40, ti kíláàsì tó kún sì jẹ́ 63. Ẹ lè gba méjèèjì sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Èkíní, ìka ọmọ tó bo àmì dúdú: ẹ kọ́ wọn láti fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú. Èkejì, lamination tó ń dán: iná ojú fèrèsé á kọ mànà lára rẹ̀, kámẹ́rà kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ lẹ káàdì náà mọ́ páálí tó le, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, kí ọmọ ká pépà kan sí mẹ́rin, kó kọ A, B, C, D sí ojú kọ̀ọ̀kan, kó gbé e sókè síwájú àyà, olùkọ́ á fojú kà á.

Agbára rẹ̀ wà nínú ìdáhùn tí kò tọ́ tí ẹ bá kọ síbẹ̀. Ẹ béèrè 1/2 + 1/3, kí ẹ fi 2/5, 5/6, 1/6 àti 2/6 síwájú wọn. Ẹni tó yan 2/5 ti kó òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó yan 1/6 ti sọ ọ́ di ìlọ́po. Ẹni tó yan 2/6 ti mọ̀ pé 6 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, ó kàn gbàgbé láti tún òkè ṣe. Ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú rẹ̀ ti tó. Ọmọ mẹ́ta yìí kò gbọdọ̀ gba àlàyé kan náà, bẹ́ẹ̀ máàkì kan náà ni wọ́n máa gbà nínú ìdánwò lásán. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Harvard, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìkọ́ni kan tó dá lórí irú ìbéèrè yìí ní 1991, ní ìlànà kan tó wúlò: tí àwọn tó gbà á bá kéré sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún un kọ́, tó bá wà láàárín 30 sí 70, ẹ jẹ́ kí ọmọ yíjú sí ọmọ, kí wọ́n jiyàn, kí ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, tó bá ju 70 lọ, ẹ ṣàlàyé ráńpẹ́, kí ẹ máa lọ. Èyí tó wà láàárín yìí ló dùn jù, nítorí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan lánàá mọ ibi tó ti dun òun.

Ìwé kíkà ní Yorùbá

African Storybook, iṣẹ́ Saide ní South Africa, àti StoryWeaver, iṣẹ́ Pratham Books ní Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ní ìtàn ọmọdé ní Yorùbá tó ṣeé gbà sílẹ̀, tó ṣeé tẹ̀, tó sì ṣeé tún ṣe. Ẹ kà á tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní àmì ohùn tó pé pérépéré, àwọn kan kò ní rárá, ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé kò sì gbọdọ̀ fi ìwé tí kò ní àmì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Gboard ti Yorùbá tún un ṣe lórí fóònù yín, ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn gbogbo.

Wàhálà máa ń dé níbi títẹ̀. Ẹ kọ ọ́ dáadáa nílé, ẹ fi Word ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ó dé ibẹ̀, fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà wọn kò mọ ẹ̀ àti ọ́. Ó di àpótí kékeré onígun mẹ́rin tàbí kí àmì sáré lọ sórí lẹ́tà mìíràn. PDF ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, nítorí ó ń gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ dání. Tí ẹ bá sì ń yan fọ́ǹtì, Noto Sans àti Charis SIL kì í dójú tini. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Láti sọ ìtàn ojú ewé 12 di ìwé kékeré, ẹ yan Booklet nínú Adobe Reader, ẹ yan títẹ̀ lójú méjèèjì, kí wọ́n sì yí i ní etí kúkúrú. Tí wọ́n bá yí i ní etí gígùn, ojú kejì á dorí kodò. Pépà A4 mẹ́ta ni ìwé kan. Fún ọmọ 30 tó ń kà á ní méjì-méjì, ẹ nílò ìwé 15, pépà 45. Ìtàn tí ojú ewé rẹ̀ kò bá pín sí mẹ́rin á fi ojú òfìfo sílẹ̀. Ẹ lo ojú yẹn fún ìbéèrè mẹ́ta.

Ẹ tún fi YorubaName.com kún un. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ ara rẹ̀, kó kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀, kó sì lọ bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá ìtumọ̀ tí wọ́n fún un nìyẹn. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn òbí á bá wọn dá sí tayọ̀tayọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ lásẹ́ńsì kò gùn. Níbi tí ẹ bá ti rí CC BY, ẹ lò ó, ẹ tún un ṣe, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín. NC túmọ̀ sí pé ẹ ò lè tà á. Khan Academy wà nínú ìyẹn, nítorí náà kí ilé-ìwé má tẹ̀ ẹ́ kí ó fi gbowó lọ́wọ́ òbí. ND túmọ̀ sí pé ẹ ò lè pín èyí tí ẹ ti yí padà.

Ẹ gbé e wá sí Èkó

Siyavula ti South Africa ní ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó jíire, tó ṣeé gbà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n owó rand ló wà nínú rẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì kún fún dọ́là, ẹsẹ̀ bàtà àti Fahrenheit. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn yọ àmì owó wọn, kí ẹ fi ₦ síbẹ̀. Tí búrẹ́dì bá di ₦15 nínú ìbéèrè, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rán sí Balógun á mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì ní lo ọgbọ́n ọjà tó ní. Iye gidi ni kí ẹ lò. Fún ìyára, ẹ mú Third Mainland Bridge, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Ọkọ̀ tó ń sáré 60 ní wákàtí kan á lo ìṣẹ́jú 11.8 lórí rẹ̀. Tí go-slow bá wá mú un fún wákàtí kan ààbọ̀, kí ni ìyára rẹ̀? Kò tó kìlómítà 8 ní wákàtí kan. Ẹ bi wọ́n pé ìwọ̀n wo nínú méjèèjì ni ìyá wọn á fi ṣírò àkókò tó yẹ kó jáde nílé láti dé CMS ní aago mẹ́jọ. Àríyànjiyàn á ṣẹlẹ̀. Ẹ tún wo sípẹ́lì: color àti center ń yọ́ wọ ìwé ọmọ láti inú ohun èlò Amẹ́ríkà, tí ti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé kíláàsì wa ń lò.

Fún ẹ̀kọ́ ìtàn, archivi.ng ń kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ilẹ̀ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wikimedia Commons ní fọ́tò Èkó àtijọ́. Ẹ tẹ fọ́tò Broad Street kan ti ìgbà náà, kí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sọ ohun tó ṣì wà níbẹ̀ àti ohun tó ti lọ.

Olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kún tí kò sì sí ohun èlò, kó wá TESSA, àkójọ ohun èlò fún olùkọ́ Áfíríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Open University ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn yunifásítì Áfíríkà ló jọ ń ṣe é láti 2005. Wọ́n ní ti Nàìjíríà lọ́tọ̀, ìwé ráńpẹ́ kan sì wà níbẹ̀ nípa kíkọ́ kíláàsì ńlá. Ojúlówó ni, nítorí irú kíláàsì tiwa ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Mi ò gbà pẹ̀lú rírà lẹ́sìn nóòtì odindi sáà lórí WhatsApp. Àṣìṣe kan náà ló ń ti ilé-ìwé kan dé òmíràn nínú wọn, skímù tí wọ́n sì fi kọ ọ́ lè ti yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ Èkó. ChatGPT àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ kan pàtó: ẹ ní kí ó fún yín ní ìdáhùn mẹ́wàá tí ọmọ lè ṣì sí ìbéèrè kan, kí ó sì sọ ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ fúnra yín, ó máa ń ṣì í. Ẹ má gbà á gbọ́ lórí àmì ohùn Yorùbá. Ẹ má sì fi orúkọ tàbí fọ́tò ọmọ kankan síbẹ̀. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti 2023 béèrè àṣẹ òbí lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ó ku títọ́jú. Mẹ́mọ́rì káàdì tí ẹ bá rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó máa kọ nǹkan kún un, á sì tún un kà. Èyí tí wọ́n kọ 64GB sí lára tó jẹ́ 8GB ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ á ti tú. Tí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, á máa gba fáìlì bíi pé kò sí nǹkan, á sì bà wọ́n jẹ́. Ẹ fi kíláàsì, sáà, ọ̀sẹ̀ àti àṣìṣe sọ fáìlì lórúkọ: "P4-S1-Ọ̀sẹ̀6-ìdá-mẹ́rin-ju-ìdá-mẹ́ta" dára ju "fraction new final" lọ. Tí olùkọ́ kíláàsì kejì bá sì fẹ́ Kolibri yín, kò pọn dandan kó tún gbogbo rẹ̀ gbà sílẹ̀: ẹ lọ sí Device, Channels, Export, ẹ kó o sórí fláàṣì, kó lọ fi Import gbà á láti ibẹ̀.